Pẹ́dà ìta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sín áńpù jẹ: ibo ni kí n to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí?

OnígìtáMókọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onígìtá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá n'Íbàdàn. Oṣù kẹta rèé tí mo ra HX Stomp, àpótí kékeré ti Line 6 tó ń sín áńpù gìtá jẹ. Kó tó dé, pẹ́dà mẹ́ta ni mo ní: Tube Screamer TS9 (pẹ́dà drive, tó ń mú ohùn gìtá gbaná), fuzz kan tó jẹ́ ti germanium (irú transistor àtijọ́), àti delay analog kan (pẹ́dà gbohùngbohùn). Mi ò fẹ́ tà wọ́n torí pé wọ́n ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo wá to gbogbo wọn síwájú HX Stomp. Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá tẹ TS9, ohùn á máa gún etí bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Tí mo bá tẹ delay, gbohùngbohùn á dàrú mọ́ ohùn gìtá, mi ò ní mọ ohun tí mò ń ta mọ́. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo rẹ̀ ń kùn hùùù bí ilé oyin, pàápàá tá a bá wà lórí jẹ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bọ̀dá tó ń tọ́jú sáùn-ùn pa ohùn mi lórí míkísà láàárín orin ọpẹ́. Ó dùn mí wọra. Mi ò lo áńpù, láti HX Stomp ni wáyà kan ṣoṣo ti ń lọ tààrà sí míkísà. Ṣé pẹ́dà ìta àti irú ẹ̀rọ yìí lè gbé pọ̀, àbí kí n kúkú tà wọ́n?

OkùnMẹ́fà:

Má tà wọ́n o, àbúrò. Àwọn pẹ́dà yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́, ibi tó o tò wọ́n sí ni kò bá wọn lára mu.

Láyé ìgbà tí kò tíì sí irú ẹ̀rọ yìí, gìtá á wọ pẹ́dà, pẹ́dà á wọ áńpù, áńpù á wọ sípíkà, ó parí. Ní báyìí, áńpù àti sípíkà ti wọ inú àpótí kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Torí náà, pẹ́dà tó o bá tò síwájú HX Stomp, iwájú áńpù lo tò ó sí yẹn. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, áńpù á sè é pọ̀ mọ́ gìtá ni. Drive fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó ti áńpù lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí áńpù inú preset rẹ (ètò ohùn tó o tò pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà) bá ti ń gbaná, gbogbo gbohùngbohùn tí delay bá fi ránṣẹ́ sí i ló máa fún pọ̀, tó máa gbé sókè, títí tí ìkíní ò fi ní yàtọ̀ sí ìkẹta. Ìdàrúdàpọ̀ tó ò ń gbọ́ nìyẹn.

Wo ara HX Stomp, wàá rí ihò tí wọ́n kọ Send sí àti èyí tí wọ́n kọ Return sí. Ki wáyà kan bọ Send kó wọ Input delay. Ki òmíràn bọ Output delay kó padà sí Return. Tó o bá ti ṣe ìyẹn, yan búlọ́ọ̀kù kan nínú preset, sọ ọ́ di FX Loop, kó o gbé e sẹ́yìn amp àti cab (áńpù àti sípíkà inú ẹ̀rọ náà). Láti ìsinsìnyí lọ, ohùn tó ti jinná ni delay á máa tún sọ, áńpù ò ní tún un sè mọ́. Fún ìdánwò, ta okùn kan ṣoṣo, kó o gbé búlọ́ọ̀kù yẹn padà síwájú amp, kó o tún okùn yẹn ta. Lẹ́yìn ìyẹn, o ò ní nílò àlàyé ẹnikẹ́ni.

Lúùpù náà máa gba àyè búlọ́ọ̀kù kan o. 6 ni HX Stomp ní nígbà tó jáde lọ́dún 2018, firmware 3.0 (ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà) ló sọ ọ́ di 8. Tí tìrẹ bá ṣì wà ní 6, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó o fi tuntun sí i.

Ó ku TS9. Pẹ́dà yìí máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, ó sì máa ń gbé àárín sókè, nǹkan bí 720 Hz. Tó o bá fi gbogbo drive rẹ̀ sínú áńpù tí gain tiẹ̀ náà ti kún, méjèèjì á máa bára wọn jà. Mú bọ́tìnì Drive TS9 wá sílẹ̀ dé nǹkan bí ibi aago mẹ́sàn-án, gbé Level rẹ̀ sókè díẹ̀, kó o sì dín gain amp inú HX Stomp kù. Kí o tún wò ó bóyá cab wà nínú preset yẹn. Sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó ju 5 tàbí 6 kHz lọ jáde, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde láìfi nǹkan kan pamọ́. Tí kò bá sí cab tó máa gé orí ohùn yẹn, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ ìhayín inú drive rẹ.

ỌmọSáùn:

Ìdí míkísà lèmi máa ń jókòó sí, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún bọ̀dá yẹn. Nígbà tí nǹkan bá ń kùn lójú ìjọ, ohun tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọwọ́ lèèyàn máa ń pa.

Mo gba ti OkùnMẹ́fà lórí delay. Ní ti gbígbé Level TS9 sókè, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Áńpù oníbọ́ọ̀bù (tube) máa ń rọra ya ni tí ohùn bá kún inú rẹ̀, ìyẹn gan-an la sì fẹ́ràn. Ẹnu ọ̀nà digital ò mọ̀ ọ́n rọra. Tí ohùn bá ti kan òrùlé, ṣe ló máa gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ariwo tó sì ń tibẹ̀ jáde burú. Kó o tó fi ẹ̀sùn kan preset rẹ, pa gbogbo búlọ́ọ̀kù inú rẹ̀, tan TS9, kó o ta gbogbo okùn pọ̀ pẹ̀lú agbára bí ìgbà tí orin bá dé góńgó. Tó bá ń ya nígbà tí kò sí amp kankan lórí, ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wà, dín Level kù.

Wo Global Settings náà, abẹ́ Ins/Outs. Fi Send/Return sí Instrument, torí ọ̀pọ̀ pẹ́dà 9V kò lè gba agbára Line láìya. Output tó ń lọ sí míkísà lo lè fi sí Line, tó o bá ń lo ihò line lórí míkísà. Tó bá jẹ́ ihò máìkì lẹ̀ ń lò, ẹ fi DI box (àpótí kékeré tó ń so irú ohùn yìí mọ́ ihò máìkì) sáàárín. Ọ̀pọ̀ míkísà ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń tan phantom 48V (iná tí míkísà ń fi ránṣẹ́ sí máìkì) fún gbogbo ihò máìkì, iná yẹn ò sì yẹ kó kan ẹ̀yìn HX Stomp rárá.

OkùnMẹ́fà:

Òótọ́ lo sọ, ó yẹ kí n ti fi kún un. Gbé Level sókè, àmọ́ má jẹ́ kó kan òrùlé.

AdùnníOlókùn:

Kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn nípa fuzz, òun gan-an ló sì lágídí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti ń lò ó tipẹ́.

Irú fuzz yìí, láti orí Fuzz Face ọdún 1966, fẹ́ fojú kan gìtá fúnra rẹ̀. Ó máa ń fa iná pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn lára gìtá) gan-an, pickup àti fuzz á wá di ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá yí volume gìtá wálẹ̀ díẹ̀, fuzz á mọ́ gaara bí agogo. Tó o bá fi ohun tó ní buffer (ohun inú pẹ́dà tó ń ya gìtá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó tẹ̀ lé e) ṣáájú rẹ̀, TS9 náà sì ní in kódà nígbà tó o bá pa á, àjọṣe yẹn á bàjẹ́. Ohùn á le, volume gìtá ò sì ní fọ̀ ọ́ mọ́ mọ́. Wáyálẹ́ẹ̀sì gìtá náà máa ń ṣe bákan náà.

Báwo lo ṣe tò wọ́n? Bí TS9 bá wà níwájú, yí wọn padà: gìtá, fuzz, TS9, HX Stomp. Má sì gbé fuzz sínú lúùpù, ibẹ̀ kì í ṣe ilé rẹ̀. Ní Input HX Stomp, wàá rí In-Z, òun ló ń pinnu bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe ń fa iná ohun tó wà níwájú rẹ̀ tó. Fi í sí 1M tó bá jẹ́ pé pẹ́dà ìta ló wà níwájú rẹ̀. Auto máa ń yí ara rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ inú preset, ó sì lè mú kí pẹ́dà rẹ máa dún yàtọ̀ láti preset kan sí èkejì láìjẹ́ pé o mọ ìdí.

Ooru ńkọ́? Germanium kì í fẹ́ ooru. Mo ti gbé tèmi lọ síbi ìsọjí gbangba lọ́sàn-án gangan. Nígbà tá a fi máa kọrin kẹta, ohùn rẹ̀ ti ń kú lọ, ó ń tú tó-tó-tó bí epo tó fẹ́ tán nínú mọ́tò. Aṣọ funfun ni mo fi bo pẹ́dà náà nígbà ìwàásù, mo sì gbé e sábẹ́ àga. Nígbà tá a tún gun pèpéle, ó ti padà bọ̀ sípò.

Oníṣẹ́Iná:

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kíkùn, torí òun ló lé arákùnrin wa kúrò lórí míkísà.

Àbúrò, kọ́kọ́ dáhùn èyí: báwo lo ṣe ń fún àwọn pẹ́dà yẹn níná? Tó bá jẹ́ adaptor kan ṣoṣo lo pín fún gbogbo wọn pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀, ó ṣeé ṣe ká ti rí ọ̀dáràn.

OnígìtáMókọ́lá:

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Adaptor 9V kan ló ń fún TS9, fuzz àti delay. HX Stomp ń lo tiẹ̀.

Oníṣẹ́Iná:

Ó dáa. Mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, má fò.

Fuzz ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò lórí wáyà yẹn lónìí. Ọ̀pọ̀ fuzz germanium ló jẹ́ PNP, ìyẹn ni pé positive ni ilẹ̀ (ground) rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé negative ni ilẹ̀ àwọn pẹ́dà yòókù. Tó o bá so wọ́n mọ́ wáyà kan náà, iná á pàdé ara wọn níbi tí kò yẹ. Ó lè mú ariwo wá, ó sì lè ba nǹkan jẹ́. Bátìrì 9V ni kó o fi sínú fuzz. Kì í jẹ iná rárá, bátìrì kan á bá ọ dé ibi tó jìnnà, tó o bá ṣáà ti ń yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìdánwò yìí nílé, lórí iná ìjọba, kó o tó dé orí jẹ́n. Fi bátìrì sínú TS9 àti delay pẹ̀lú, tí delay bá gba bátìrì. Tan gbogbo rẹ̀. Tí kíkùn bá lọ, adaptor rẹ ló fà á, ra èyí tí ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí wọ́n ń pè ní isolated. Tí kò bá lọ, dìde dúró, kí o rọra yí ara rẹ àti gìtá. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ bó o ṣe ń yí, pickup rẹ ló ń gbé e látinú afẹ́fẹ́, jìnnà sí adaptor, iná gbọọrọ àti jẹ́n. Tí kò bá yí padà, tó sì jẹ́ pé ìgbà tó o bá ki wáyà bọ míkísà ló ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ méjì ló pàdé. DI box tó ní ground lift ló máa gé e. Mo bẹ̀ ọ́, má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Mo ti rí onígìtá tí ètè rẹ̀ kan máìkì tí iná sì gbá a ṣubú lórí pèpéle nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti jẹ́n àti inverter, àwọn inverter pọ́ọ́kú kan wà tí iná wọn kì í rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń fò bí àtẹ̀gùn ni. Adaptor olówó pọ́ọ́kú á gba gbogbo ìfò yẹn wọlé, pẹ́dà á sì sọ ọ́ di zzzz. Pure sine wave ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: HX Stomp ń fẹ́ 9V, 3A (ìyẹn 3000 mA), àárín ẹnu rẹ̀ ni negative. 100 sí 500 mA ni ihò ọ̀pọ̀ àpótí iná pẹ́dà ń gbé jáde. Ẹnu rẹ̀ lè wọ ihò náà dáadáa, ṣùgbọ́n agbára ò ní tó. Jẹ́ kó máa lo adaptor tí wọ́n tà á pẹ̀lú.

ỌmọHouston:

Ẹ gbọ́ tèmi náà nípa adaptor. Lọ́dún tí mo wálé fún ìsìnkú màmá wa àgbà, mo kó pẹ́dà mi wá láti Amẹ́ríkà. 120V ni iná ibẹ̀. Mo yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà, mo ki í bọ ògiri n'Íjẹ̀bú, mo gbọ́ pàá, òórùn sísun sì gba yàrá. Ẹ yẹ ara adaptor wò kẹ́ ẹ tó ki í bọ nǹkan. Tí wọ́n bá kọ 100–240V sí i, ó lè rìn níbi gbogbo. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, 230V tiwa á pa á lójú ẹsẹ̀.

TèmiGT1:

Ẹ jọ̀ọ́, Boss GT-1 lèmi ní, kò ní Send àti Return. Ṣé mo lè lo delay ìta?

OkùnMẹ́fà:

O lè lò ó. Drive síwájú GT-1, delay tàbí reverb sẹ́yìn rẹ̀, láàárín Output àti míkísà. Ohun tó o máa pàdánù ni pé o ò ní lè pa á láti inú preset, ẹsẹ̀ lo máa fi tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Dín Output kù tí delay bá ń ya. Tó o bá ń lo wáyà stereo méjì lọ sí míkísà, delay mono kan á sọ ọ́ di ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́Ohùn:

Mo ní ìbéèrè. Mo gbọ́ pé tí ohùn bá ti kúrò nínú digital, tó wọ pẹ́dà digital mìíràn, tó tún padà wá, ó máa ń falẹ̀. Ṣé kò ní ba gìtá títa wa jẹ́?

ỌmọSáùn:

Ó ń falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá (ms) mélòó kan ni. Ohùn fúnra rẹ̀ ń lo nǹkan bí 3 ms láti rin mítà kan nínú afẹ́fẹ́. Tó o bá dúró ní mítà 2 sí áńpù, o ti falẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ò sì ráhùn rí.

Ibi tó ti ń ṣe jàǹbá ni ìgbà tó o bá pò ohùn tó falẹ̀ mọ́ èyí tí kò falẹ̀. Bí Mix búlọ́ọ̀kù FX Loop bá wà ní 50%, tí pẹ́dà digital inú rẹ̀ náà sì tún ń dá ohùn gìtá lásán padà, ohùn gìtá kan náà á dé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á pẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì máa pa ara wọn. Gìtá á dún ṣófo bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù. Nítorí náà, fi Mix lúùpù sí 100% kí pẹ́dà máa po ohùn fúnra rẹ̀, tàbí kí o fi pẹ́dà sí gbohùngbohùn nìkan kí lúùpù máa ṣe ìpò. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni, má pa wọ́n pọ̀.

ÀgbàJùjú:

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ delay ló mú mi wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ dotted eighth (gbohùngbohùn tó ń dé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìlù kan) di òfin. Tí orin bá ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó fi delay sí 375 ms. Ó dáa fún orin tó ń rìn mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí ìlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mẹ́ta-mẹ́ta, bí ọ̀pọ̀ orin ìyìn wa ṣe máa ń rìn, 375 yẹn á máa tẹ agogo lẹ́sẹ̀ ni. Ní 120, ìlù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 ms. Pín in sí mẹ́ta, ìpín kan jẹ́ 167, méjì jẹ́ 333. Fi delay sí 333, kó o gbọ́ bó ṣe máa jókòó sáàárín ìyá ìlù àti agogo. Ti delay analog tí kò ní nọ́ńbà lójú, etí ni wàá fi wá a: ta okùn kan sórí ìlù, yí bọ́tìnì títí gbohùngbohùn yóò fi bọ́ sórí ìpín kẹta.

Ẹ̀kejì, volume pẹ́dà. Ẹni tó bá gbọ́ pedal steel (gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀) tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ta fún King Sunny Adé mọ bí ohùn ṣe ń wú jáde láìsí ìró ìgbà tí wọ́n ta okùn, bí ẹni pé ó ń ti òkèèrè bọ̀. Tó o bá fẹ́ irú ìwú bẹ́ẹ̀ lórí gìtá, delay gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn volume pẹ́dà. Tó o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, gìtá á dákẹ́, gbohùngbohùn á sì máa rìn lọ fúnra rẹ̀. Tó o bá to volume pẹ́dà sẹ́yìn delay, gbogbo rẹ̀ ló máa dákẹ́ pọ̀ lójijì, bí ẹni pa iná. Fuzz ni kó ṣáájú volume pẹ́dà, bí Adùnní ṣe wí.

OnígìtáMókọ́lá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Ìsìn òní ti parí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo to gìtá, fuzz, TS9, HX Stomp. Delay ti wọ lúùpù, lẹ́yìn cab. Drive TS9 wà ní aago mẹ́sàn-án, Level kọjá méjìlá díẹ̀, mo sì dín gain amp kù sí 4. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò ỌmọSáùn, lóòótọ́ ni ẹnu ọ̀nà ń ya tẹ́lẹ̀, torí gbogbo Level ni mo ti ṣí. Send/Return wà ní Line, mo ti yí i sí Instrument.

Kíkùn: bí mo ṣe yọ fuzz kúrò lórí wáyà, tí mo fi bátìrì sí i, ìdajì lọ. Ìdajì tó kù wá láti míkísà. DI box wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni ò lò láti ọjọ́ yìí, a tẹ ground lift, ibi gbogbo sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìró ẹsẹ̀ mi lórí pákó pèpéle ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bọ̀dá sáùn-ùn bojú wò mí, ó gbé ohùn mi sókè.

Mo fi delay sórí ìpín kẹta nígbà orin ọpẹ́, ẹ̀gbọ́n ÀgbàJùjú. Ẹni tó ń lu gángan yíjú sí mi, ó fi ìlù dá mi lóhùn.

Ó ku ìbéèrè kan. Àwọn ará ìjọ kejì ní áńpù gidi kan tó ní send àti return lẹ́yìn. Mo máa bá wọn ta gìtá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé gbogbo ètò yìí á ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

OkùnMẹ́fà:

Pa amp àti cab inú preset rẹ, àìṣe bẹ́ẹ̀ áńpù méjì lo máa so pọ̀. Send HX Stomp lọ sí iwájú áńpù, send áńpù padà sí Return HX Stomp, Output HX Stomp lọ sí return áńpù. Wáyà mẹ́rin ni, pẹ̀lú ti gìtá. Fi FX Loop sí ibi tí amp wà tẹ́lẹ̀ nínú preset, torí òun ló dúró fún áńpù gidi báyìí. Áńpù ti gba lúùpù yẹn nìyẹn, tó o bá ń lo wáyà lásán, kò ní sí àyè fún delay rẹ nínú rẹ̀ mọ́. Gbé e sáàárín Output àti return áńpù, tàbí kó o lo delay inú HX Stomp lọ́jọ́ yẹn, kó o tò ó sẹ́yìn FX Loop. Tí áńpù àti HX Stomp bá ń kùn pọ̀, kọ́kọ́ dán ground loop isolator (ohun tó ń ya ilẹ̀ méjì sọ́tọ̀) wò lórí wáyà tó so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà kó o wá sọ fún wa.